Ooru Tó Pẹ́ Kó Tó Dé

Ó ti pé ọdún méjì tí obìnrin aránṣọ kan ti ń bá ooru jà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú fún un ló ti ń lo hóró oògùn kan láràárọ̀, èyí tó ń dènà họ́mọ́ọ̀nù kí àrùn náà má bàa rí ohun jẹ. Oògùn ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ooru tó ń kó bá a kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Bó bá ti dé, aránṣọ á sọ téèpù sílẹ̀, á bú oògùn, á bú àwọn tó ṣe é mọ́ ọn, ọkọ rẹ̀ á sì sáré gbé fáànù wá, ìbáà jẹ́ lóru.

Nígbà tó ku hóró kan ṣoṣo, ó lọ sọ́dọ̀ apòògùn, obìnrin kan tó máa ń gbé aṣọ wá rán lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyẹn gbé páálí aláwọ̀ ewé fún un.

"Èyí kọ́ ni tèmi. Páálí funfun ni tèmi."

"Ẹ má bínú, mà. Tiyín ò wọlé lóṣù yìí. Oògùn kan náà ni, iléeṣẹ́ mìíràn ló ṣe é."

"Ṣé ara mi lẹ fẹ́ fi dán ayédèrú wò?"

Apòògùn fa etí aṣọ ọrùn rẹ̀ hàn án. "Òwú yín tán lọ́jọ́sí, ẹ fi òwú iléeṣẹ́ mìíràn rán èyí. Ṣé ó tú mọ́ mi lára?"

Aránṣọ fọwọ́ fa ojú rírán náà wò, kò tú. Ó gba oògùn náà, ó ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á gan-an. Bí kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Jẹjẹrẹ lè padà wá.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, ooru ò yọjú. Ọkọ rẹ̀ ń sùn fọnfọn. Aránṣọ tẹ apòògùn láago.

"Ooru ò wá o!"

"Mà, ooru kọ́ la fi ń mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn ò rí ooru rí. Ẹ ṣáà máa lò ó."

Ó gbọ́, ọkàn rẹ̀ ò gbà.

Lọ́jọ́ kẹfà, ó ń wọn ìbàdí lọ́yà kan nígbà tí nǹkan gbóná láyà rẹ̀, ó gun ọrùn, ó gba ojú. Òógùn kán sórí téèpù.

"Ó ti dé!"

"Ta ló dé?" ni lọ́yà bi í.

Ọkọ rẹ̀ gbé fáànù sáré wọlé, ó bá aránṣọ tó di lọ́yà mú, tí wọ́n jọ ń jó, téèpù sì wé àwọn méjèèjì. Nígbà tó rí èémí mí, aránṣọ mú páálí aláwọ̀ ewé náà, ó wo orúkọ iléeṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ dáadáa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló kí wọn. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá, ẹ pa fáànù yẹn."