Agogo Tí Mi Ò Lù

Ọpẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá fi ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, mi ò ní lè parí rẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí wọ́n bá ti jáde ní kíláàsì, bí ogún nínú àwọn ọmọ ilé ìwé wa kì í tíì lọ sílé. Gbọ̀ngàn ni wọ́n máa ń sáré wá bá mi, bàtà lọ́wọ́, àpò lẹ́yìn, ariwo lẹ́nu. Èmi ni mò ń kọ́ wọn ní yógà: bí a ṣe ń na ara bí ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan dúró bí igi, àti bí a ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ títí ọkàn á fi wálé láti ibi tó ti ń ṣeré kiri. Àǹtí Èémí ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ náà dùn mọ́ mi. Mélòó ni orúkọ tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Èdè àjèjì ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n mo rí i pé kì í wọ àwọn ọmọ náà lára. Mo wá ki èémí fún wọn, bí ìyá mi ṣe máa ń ki ohun gbogbo nínú ilé, títí kan ìgbálẹ̀:

Èémí, àlejò tí kì í béèrè àga,
Awọlé-má-kanlẹ̀kùn, ajáde-má-dágbére,
Ìwọ lo kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀ sáyé.
Rọra wọlé, rọra jáde,
Ẹnikẹ́ni ò lé ọ.

Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó di ìsinmi ìkẹyìn. Kálukú á gbé ẹní rẹ̀ lọ síbi tó bá wù ú nínú gbọ̀ngàn, á dùbúlẹ̀, á di ojú. Eré tí wọ́n fẹ́ràn jù ló kàn. Màá máa rìn kiri, màá máa fi oríṣiríṣi ohùn pè wọ́n. Màá ṣe bí ọ̀gá àgbà, màá ṣe bí ìyá tó ń bínú: "Ìwọ ọmọ yìí, dìde ńbẹ̀, oúnjẹ ẹ ti tutù!" Ẹni tó bá dáhùn, tàbí tó bú sẹ́rìn-ín, ó ti kùnà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dìde àfi tí mo bá lu agogo kékeré kan tó máa ń wà lápò mi.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní Àpáta torí pé kò sẹ́ni tó borí rẹ̀ rí nínú eré yìí. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ. Ìyá àgbà náà ló fa ọwọ́ rẹ̀ wá bá mi níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó ní, "Àǹtí, ọkàn ọmọ yìí kì í balẹ̀. Èmi ti gbàdúrà tèmi, ẹ̀yin náà ẹ ṣe tiyín, ká wo ti ta ni Ọlọ́run máa kọ́kọ́ gbọ́." Láti ìgbà náà, tó bá ti wá mú ọmọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi náà á gba ọpẹ́ náà mọ́ra bí ẹni gba aṣọ tuntun.

Ní Ìṣẹ́gun kan, àwọn ọmọ ti dùbúlẹ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n, ni òjò bá dé. Kì í ṣe òjò tó ń bẹ̀bẹ̀. Àrá sán, iná kú, àwọn òbí tó tètè dé sì rọ́ wọlé pẹ̀lú agboòrùn tó ń kán tó-tó-tó sílẹ̀. Àwọn ọmọ fò dìde. Ẹní lọ́ mọ́ra, bàtà pàdánù ẹnì kejì rẹ̀, ọ̀gá àgbà ń ké lẹ́nu ọ̀nà pé kí wọ́n yára kí títì tó kún. Mò ń fa ọmọ lé òbí lọ́wọ́, mò ń wá ìbọ̀sẹ̀, mò ń ṣe "ó dàbọ̀, ó dàbọ̀." Kí n tó mọ̀, gbọ̀ngàn ti ṣófo.

Ẹni tó dé kẹ́yìn ni ìyá àgbà. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ tó ti rin, ó gbọn omi agboòrùn rẹ̀ dànù.

"Àpáta mi dà?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. "Ṣé ẹ ò bá a pàdé lọ́nà ni, Mà?"

"Ọ̀nà wo? Ọmọ tí mi ò gbà kó dá títì kọjá rí?"

Géètì ti ṣí sílẹ̀ gbayawu fún àwọn òbí. Ọkọ̀ ń sáré lójú títì. Mo pe bàbá tó ń tọ́jú ọgbà, ẹni tí a ń pè ní Bàbá Kọ́kọ́rọ́ nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ tí kì í kúrò nídìí rẹ̀. Kò bi mí léèrè ẹyọ kan. Inú òjò ló gbà lọ. Èmi àti ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ náà nínú òkùnkùn, láti ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn dé ìpẹ̀kun.

"Àpáta! Jáde wá o!"

"Ìyá mi! Ìyá mi àtàtà, dá mi lóhùn!" Ìyá àgbà ti ń sunkún. "Olúwa, má fi èyí dán mi wò o. Ìyá mi o!"

Kò sí èsì. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ padà dé, omi ń ṣàn ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Mo wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo wo gbogbo kíláàsì, mo wo abẹ́ tábìlì ọ̀gá. Ológbò ni mo bá níbẹ̀. Mo dé etí títì, mi ò rí i."

Mo jókòó lórí ẹní kan tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀, afẹ́fẹ́ kọ̀, kò wọlé.

"Àǹtí Èémí, èémí tiyín dà?" Bàbá Kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ mí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹyọ kan tá à ń wá yìí ti tó wa, ẹ má jẹ́ ká tún máa wá tiyín."

Mo di ojú. Àlejò tí kì í béèrè àga. Rọra wọlé. Ó wọlé díẹ̀. Rọra jáde. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni mo ti gbọ́ gbọ̀ngàn náà bí ọmọ tó dùbúlẹ̀ ṣe máa gbọ́ ọ: ohùn kan ń ké pé "jáde wá," òmíràn ń bẹ̀bẹ̀, òmíràn ń sunkún. Ohun tí mo máa ń ṣe gan-an nìyẹn ní gbogbo Ìṣẹ́gun.

"Ọlọ́run mi o," mo ní. "Mi ò lu agogo!"

Wọ́n ń wò mí bíi pé orí mi ti yí. Mo fa agogo náà yọ, mo sì lù ú.

Lórí pèpéle, lẹ́yìn dùùrù ńlá tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ mọ́, kọ́tínì mì. Àpáta jáde síta, ó ká ẹní rẹ̀ sí abíyá, ojú rẹ̀ ń dán.

"Àǹtí, èmi ni mo ṣe ipò kìíní, àbí? Ẹ tiẹ̀ lọ mú Màmá àgbà wá kí wọ́n lè bá yín tàn mí! Nígbà tí wọ́n ń sunkún, mo fẹ́ẹ̀ dáhùn. Mo ní rárá, ẹ̀tàn ni."

Ìyá àgbà gbá a mọ́ra. Ọmọ náà wo omijé ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu tirẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Mà, kò jẹ̀bi. Èmi ni mo kọ́ ọ kó má dáhùn."

"Ẹ kọ́ ọmọ mi kó má dá mi lóhùn?" Ó rọra sọ ọ́, ó sì dùn mí ju kó pariwo lọ. "Ìyá mi, wọ bàtà ẹ. Jẹ́ ká máa lọ." Ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ kìíní tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa ni mo ti wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó ní, "Ọwọ́ ìyá yẹn ló wà. Tó bá ní òun ò fẹ́ mọ́, ẹgbẹ́ yógà yẹn parí nìyẹn." Mi ò jiyàn. Ẹ̀bi mi ni mo gbà, ọmọ náà sì ni mò ń gbàdúrà fún lójoojúmọ́: kó má lọ gbà pé ìgbọràn òun ni ẹ̀ṣẹ̀.

Nígbà tí Ìṣẹ́gun tún pé, àwọn ọmọ tó kù ti tẹ́ ẹní, kò sí Àpáta. Mo ti ń sọ fún ọkàn mi pé ó ti tán, ni mo rí àwọn méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo bínú sí yín," ìyá àgbà ní. "Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bínú. Tí mo bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ̀yin ni mò ń rí. Ọjọ́ kẹrin ni Ọlọ́run bi mí léèrè ẹni tó mú ọkàn ọmọ yìí balẹ̀ lọ́jọ́ òjò yẹn. Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé àrá ò gbọdọ̀ sán nílé mi, kí ọmọ yìí má wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ? Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni. Ọjọ́ yẹn, àrá sán, iná kú, èmi tí mo jẹ́ àgbà ń ké bí ewúrẹ́. Ọmọ yìí dùbúlẹ̀ lẹ́yìn dùùrù nínú òkùnkùn, ó ń mí." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo dúpẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn mi gbọ́dọ̀ ga ju agogo yín lọ."

"Ó ti ga jù ú lọ láti òní, Mà."

Mo pe àwọn ọmọ jọ. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe, pé Àpáta ò ṣe nǹkan kan tó burú. Mo ní eré yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀; ẹni tó bá ń tọ́jú yín, tó bá pè yín, ẹ dáhùn, ìbáà jẹ́ pé ojú oorun lẹ wà.

Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sókè. "Àǹtí, tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ rán wa ńkọ́?"

"Ẹ dáhùn kíákíá!" Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ló fèsì láti ojú fèrèsé. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìsinmi ìkẹyìn dé, tí gbogbo wọn ti dákẹ́, ìyá àgbà wò mí. Mo mi orí pé ó yá. Ó rọra pè, kò tiẹ̀ gbé ohùn sókè: "Ìyá mi."

"Mà!" ni Àpáta dáhùn, ó sì ti fò dìde.

Ìyá àgbà ní, "Kò sí nǹkan, dùbúlẹ̀. Mo kàn ní kí n gbọ́ ohùn ẹ ni." Ó jókòó sórí àga kan lẹ́yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn, ó di ojú, èmi náà sì bá a di tèmi, mò ń dúpẹ́.