Ìlà Pupa Ara Ògiri

Atẹ̀wé kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ àfi tó bá rí i nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀. Ìwà ọlọ́gbọ́n ni. Kìkì pé òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́.

Ilé-iṣẹ́ ayélujára kan gbé iṣẹ́ ìpolówó wá bá a. Oore ńlá ni wọ́n ń ṣe fún aráyé: bí ìbọ̀sẹ̀ rẹ bá ku ẹyọ kan, wọn yóò bá ọ wá ẹlòmíràn tí tirẹ̀ ku ẹyọ kan lórí fóònù. Wọn kò tíì jèrè rí. Èrè ń bọ̀ lọ́nà. Ó jọ pé ó yà kí ọ̀rẹ́ kan ni.

Ọ̀gá wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí bàtà rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ní kí Atẹ̀wé ya ìlà pupa kan tí yóò fi hàn bí owó ìpín ìdókòwò àwọn ṣe ń gòkè. Atẹ̀wé yà á. Ọ̀gá ní òkè ìwé náà ṣófo jù, ṣé ìlà náà kò lè ga díẹ̀ sí i? Atẹ̀wé fà á sókè lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, Atẹ̀wé sì lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri ìsọ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó kàn ń kọjá lára rẹ̀ ni. Nígbà tó ṣe, ó ń dúró wò ó. Nígbà tó yá, ó gbé àga síwájú rẹ̀. Ó wá sọ fún ìyàwó rẹ̀, tó ń rán ìwé pọ̀ nídìí fèrèsé, pé òun máa ta ẹ̀rọ tí ń gé bébà, kí òun fi owó rẹ̀ ra ìpín. Ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi ń jẹun.

“Baálé mi, ta ló ya ìlà yẹn?”

“Èmi ni.”

“Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ?”

“Mo gbọ́. Wò ó dáadáa. Ṣé ìlà tó ga tó báyìí lè purọ́?”

Ìyàwó ní òun ti gbọ́ pé bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbọ́ ẹni tó ta ọ̀bẹ láti fi ra ìbọ̀sẹ̀ ẹlẹ́yọ kan. Ó bèèrè ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ gan-an. Atẹ̀wé ṣàlàyé fún un pé ìbéèrè ayé àtijọ́ nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tí kò ríran jìnnà ló ń jèrè.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ. Owó ìpín gòkè, Atẹ̀wé sì di ẹni ńlá. Bí oníbàárà bá wọlé, á ní kó dúró ná, òun ń wo fóònù. Ó tilẹ̀ ní kí ìyàwó yan àwọ̀ ẹ̀rọ tuntun méjì.

Àfi bí owó ìpín ṣe já wálẹ̀.

“Ó ń sinmi ni,” Atẹ̀wé wí.

“Kó má sùn lọ o,” ìyàwó dáhùn.

Láìpẹ́, ọ̀gá oníbàtà funfun dé. Bàtà náà ti ń pọ́n díẹ̀. Ìwé àforíjì sí gbogbo ẹni tó ra ìpín ló fẹ́ tẹ̀: owó wọn ti wọmi. Kí wọ́n tó ṣíwọ́ lọ́sàn-án ló fẹ́ ẹ.

Atẹ̀wé wo ibi tí ẹ̀rọ tí ń gé bébà wà tẹ́lẹ̀. Ihò irin tó dè é mọ́lẹ̀ ló kù.

Ìyàwó gbowó lọ́wọ́ ọ̀gá ná, ó kà á, ó so ó mọ́ ìdí. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé ìwé àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọkọ rẹ̀.

“Ẹ̀yin náà ni wọ́n kọ ọ́ sí.”

Atẹ̀wé kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ó gbà á gbọ́.

Ó wá bèèrè ibi tí àlùmọ́gàjí kejì wà.