Àpótí Ilé Ìfọṣọ

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò rí wáyà nẹ́tíwọọ̀kì rí láyé rẹ̀, àmọ́ òun ni mo máa ń rántí bí wọ́n bá bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe ní ọsibítù.

Ilé márùn-ún ló wà nínú ọgbà wa: ilé àwọn aláìsàn ọkùnrin, ti àwọn obìnrin, ilé ìdáná, ọ́fíìsì, àti ilé ìfọṣọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan ni àpótí irin pẹlẹbẹ kan wà tó ń gba ọ̀rọ̀ láti inú wáyà, tó sì ń tì í síbi tó ń lọ. Bí aláìsàn bá tẹ aago lórí bẹ́ẹ̀dì, inú àwọn àpótí yìí ni ìpè rẹ̀ ń gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. A so ilé márààrún yípo kí ọ̀nà lè jẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà méjèèjì bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ á máa yí po bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi dákú. Nítorí náà, àwọn àpótí máa ń fohùn ṣọ̀kan láti ti ọ̀nà kan pa. Ọ̀nà títì yẹn á wà níbẹ̀, á máa gbọ́, kò ní sọ̀rọ̀, àfi lọ́jọ́ tí èkejì bá já. Mo mọ èèyàn kan tó ń gbé ayé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ọmọ ìyá mi, kì í sì í ṣe ọmọ bàbá mi. Ó fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ ni, a sì jọ pín yàrá iṣẹ́ kan tí kò ní fèrèsé fún ọdún méjìdínlógún. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù, a máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ, a ó fa wáyà kan yọ, a ó wò ó bóyá ọ̀nà títì yóò ṣí. Àwọn àpótí ìgbà yẹn, àgbà ni wọ́n. Wọn kì í kánjú. Wọ́n á kọ́kọ́ dúró wò bóyá ọ̀nà já lóòótọ́, wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á wá kọ́ ibi tí oníkálukú ń gbé, kí iná àwọ̀ ọsàn ojú àpótí tó di àwọ̀ ewé. Àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá gbáko.

Ẹ̀gbọ́n ò lè panu mọ́ fún àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá. Bí mo bá ti fa wáyà báyìí, ìtàn kan náà ni yóò bẹ̀rẹ̀: "Ọkùnrin kan wà tó ní ọkọ̀ ojú omi méjì." Ó mọ ibi tó ti yẹ kó fa ọ̀rọ̀ náà gùn, ó mọ ibi tó ti yẹ kó wúkọ́, débi pé ẹnu gbólóhùn ìparí rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iná ti ń di àwọ̀ ewé. N óò sì rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ìtàn yẹn ju igba ìgbà lọ, kò sí ìgbà tí mi ò rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́ta rèé tí Ẹ̀gbọ́n ti lọ síbi àgbà ń rè. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ra àpótí tuntun márùn-ún fún wa. Àwọn wọ̀nyí kì í dúró. Bí ọ̀nà bá já, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà títì á bi aládùúgbò rẹ̀ pé, "Ṣé kí n ṣí i?" Ìyẹn á ní, "Ṣí i." Ó parí, kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Àmọ́ wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé kan: bí wọ́n bá bá àpótí àtijọ́ pàdé, èdè àgbà ni wọ́n á bá a sọ, wọ́n á sì máa dúró bí òun ti ń dúró. Ẹyọ àtijọ́ kan tó bá ṣẹ́ kù láàárín wọn ti tó láti fa gbogbo agbo sẹ́yìn.

Mo pààrọ̀ mẹ́rin. Ìkarùn-ún, ti ilé ìfọṣọ, mi ò fọwọ́ kàn án.

Wọ́n bi mí, mo ní ooru ibẹ̀ pọ̀ jù fún tuntun. Irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ló gba pílásítà ojú egbò lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, tó fi báírò kọ ibi tí wọ́n ń lọ sí i lára. Ìwé rẹ̀ rí bí ìgbà tí adìyẹ bá rìn lórí ẹrẹ̀. Fáànù inú àpótí náà sì ń kùn bí ẹni tó ń sùn ní yàrá kejì. Nílé mi, kò sẹ́ni tó ń sùn ní yàrá kejì. Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ni mo ti ń jẹun ọ̀sán lójoojúmọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù, n óò fa wáyà, n óò pa ìtàn ọlọ́kọ̀ fún ara mi, èmi àti iná á jọ parí. Àpótí tuntun karùn-ún wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì mi. Mo ń gbé ẹsẹ̀ lé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn tó ń gbẹ́ kòtò páìpù omi fi ṣọ́bìrì gé wáyà tó lọ sí ilé àwọn obìnrin. Ọ̀nà títì ṣí fúnra rẹ̀, bí ìṣe rẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, àfìgbà tí Olórí Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pè mí, obìnrin gíga kan tó máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń gbóná.

"Oníwáyà," ó ní, "ìyá bẹ́ẹ̀dì keje fẹ́ lọ tọ̀. Ó tẹ aago, kò dún. Ó dá dìde, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì dá. Kí ló ṣe aago?"

"Wọ́n gé wáyà, mà. Àwọn tó ń gbẹ́ kòtò ni."

"Mo mọ̀ pé kò lè jẹ́ ẹ̀yin. Mo ti sọ fún wọn pé bí mo bá tún rí ṣọ́bìrì níbẹ̀, abẹ́rẹ́ tó nípọn jù ni n óò fi gún wọn. Ẹ ṣeun tí ẹ tètè tún un ṣe."

Mi ò tún nǹkan kan ṣe. Mo kí i, mo jáde. Bí mo bá gba ilé lọ, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi yà síbi bẹ́ẹ̀dì keje.

Ìyá àgbà náà kéré bí ẹyẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti di ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ pákó.

"Ṣé ìwọ lo ń tọ́jú aago yìí, ọmọ mi?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Má bínú o. Bóyá mi ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ìka mi ò lágbára mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo ní àbí wọ́n ti lọ sílé, wọ́n gbàgbé mi síbí."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, Ìyá."

"Ó pẹ́ o."

"Mo mọ̀."

Mo mọ̀ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe gùn tó jù mí lọ. Ó gùn tó ìtàn kan gẹ́lẹ́.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò tó ogún, méjì péré ni. Àárín bẹ́ẹ̀dì keje àti ọ́fíìsì Olórí Nọ́ọ̀sì ni òtítọ́ ti bá a.

"Mà," mo ní, "wọ́n gé wáyà lóòótọ́. Àmọ́ ká ní mo ti pààrọ̀ àpótí ilé ìfọṣọ ni, ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí kì bá tí mọ̀ pé wọ́n gé e." Mo wá ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan oúnjẹ ọ̀sán.

Ó gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀. "Láti ọdún méjì?"

"Ọdún méjì, mà."

"Ibo ni tuntun náà wà?"

"Abẹ́ tábìlì mi. Mo ń gbé ẹsẹ̀ lé e."

Ó tún mú báírò rẹ̀. Mo ti múra ìbáwí sílẹ̀, mo tiẹ̀ ti tẹrí ba fún un. "N óò kọ ọ́ síwèé," ó ní, "orúkọ yín á sì wà níbẹ̀."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ẹ so èyí tí wọ́n gé pọ̀ ná. Láàárọ̀ ọ̀la, a jọ ń lọ sí ilé ìfọṣọ. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó lórí agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí, èmi kúnlẹ̀ síwájú àpótí. Ó tẹjú mọ́ àwọn pílásítà náà.

"Ta ló kọ èyí? Dókítà ló yẹ kó jẹ́. Mi ò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kà níbẹ̀."

"Ọ̀gá mi ni, mà. Ẹ̀gbọ́n."

Mo pa àpótí àtijọ́. Fáànù yí, ó rẹ̀ ẹ́, ó dúró. Yàrá náà dákẹ́ bí ìgbà tí àlejò bá dìde láìdágbére. Mo gbé tuntun síbẹ̀, mo kó àwọn wáyà wọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti pílásítà lára wọn. Fáànù tirẹ̀ kì í dún.

Ó kù ká dán an wò. Mo di wáyà kan mú, ẹnu mi sì ṣí fúnra rẹ̀, bó ti mọ́ ọn lára: "Ọkùnrin kan wà tó ní..."

Mo fà á. Iná ti di àwọ̀ ewé.

"Ó ti ṣí?" Olórí Nọ́ọ̀sì bi mí.

"Ó ti ṣí, mà."

"Ṣe bí àádọ́ta lẹ ní." Ó tún wo iná náà. "Ọkùnrin tó ní kí ni?"

"Ó ní ọkọ̀ ojú omi méjì, mà. Ó ń fi ọ̀kan gbé èrò sọdá, ó wá fi okùn so èkejì mọ́gi ní kókó mẹ́sàn-án, kí omi má baà gbé e lọ. Lọ́jọ́ kan, èyí tó ń lò rì. Ó bá jókòó ti igi, ó ń tú kókó. Èrò kan wà lódì kejì tó ń kígbe pè é pé, 'Ṣé ẹ ti tú u?' Ó ní, 'Ó ku díẹ̀.' Ó tú ìkejì. 'Ṣé ẹ ti tú u?' 'Ó ku díẹ̀.'"

"Bí àwọn ará ọ́fíìsì wa," Olórí Nọ́ọ̀sì ní. Ẹ̀rín ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta, òun lẹni kìíní tó ń gbọ́ ọ.

"Ìkẹta, ìkẹrin. Nígbà tó dé ìkarùn-ún..."

Rédíò kékeré tó so mọ́ ìbàdí, èyí tí ìpè àwọn aláìsàn ń dé sí, dún. Ó wò ó. "Bẹ́ẹ̀dì keje," ó ní, ó sì ti dìde. "Ẹ óò parí rẹ̀ fún mi."

Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, kíákíá, kíákíá, títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Mo mọ̀ pé kò ní padà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í tán, aago á sì máa dún báyìí nígbàkigbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

Mo wo àpótí àtijọ́ nílẹ̀. Ìtàn kì í dára kó há séèyàn lọ́nà ọ̀fun.

"Nígbà tó tú kókó kẹsàn-án tán," mo ní, "ó gbọ́ tí ẹnì kan ń mí lẹ́yìn rẹ̀. Èrò yẹn ni. Ó ti lúwẹ̀ẹ́ sọdá, omi ń kán lára rẹ̀ tó tó tó. Ó ní, 'Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bá yín tì í sómi, kí ẹ lè gbé mi padà. Mo dúró títí, mo ti gbàgbé ohun tí mo fẹ́ wá ṣe níbí.'"

Mo gbójú sókè wo iná, bí mo ti máa ń ṣe. Àwọ̀ ewé ni. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Kò dúró dè mí.