Bí Ó Ṣe Ń Ké

Àìsàn tó ṣe ìyá mi ní Kambolé nígbà ọyẹ́ èṣí ló mú etí wọn méjèèjì lọ. Ẹnu èèyàn ni wọ́n ń wò báyìí kí wọ́n tó mọ ohun tó ń sọ. Ẹnu tèmi ló yé wọn jù, ọwọ́ wọn ni mo kúkú ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Nígbà tí mo bímọ sí Sokodé, orí Àyìndé ọkọ mi wú. Ó ká igbe ọmọ náà sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sílé wa. Àsíìsì àbúrò mi ní gbogbo agboolé gbọ́ ọ, wọ́n ń yọ̀. Nígbà tó kan ìyá, wọ́n gbé fóònù sétí, wọ́n sì dá a padà. Ọkọ mi, ọlọ́gbọ́n! Mo bínú sí i débi pé n kò fẹ́ rí ojú rẹ̀.

Nílé tiwa, ìyá ìyàwó ló ń wẹ ọmọ àkọ́bí. Mo ń retí ìyá, àfi bí Àsíìsì ṣe pè mí pé wọ́n ní kí n wá ẹlòmíì.

“Wọ́n ní bí omi bá gbóná jù, igbe ọmọ ló ń sọ fún èèyàn. Àwọn ò ní fi omi bó ọmọ ọmọ àwọn.”

Mo sunkún. Àyìndé, tó ń fi alùpùpù gbé èrò ní àdúgbò Kouloundè, bọ́ síta. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó di Kambolé. Wọ́n ní ńṣe ló dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, tó kọ̀ tí kò dìde, títí ìyá fi wá ìbòrí wọn láti tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé, eruku ò jẹ́ kí n mọ ìyá yàtọ̀ sí àna wọn.

Bí ìyá ṣe gba ọmọ báyìí, ó figbe ta. Wọ́n wo ẹnu rẹ̀ tó là sílẹ̀, wọ́n wá kọjú sí mi.

“Sọ ọ́ fún mi. Báwo ló ṣe ń ké?”

“Ó ń ké wáà, wáà.”

“Ọmọ wo ni kì í ké wáà? Ti eléyìí ni mo ní kí o sọ.”

“Ó dà bí alùpùpù mi láàárọ̀ ọyẹ́,” ni Àyìndé wí lẹ́nu ọ̀nà.

Òótọ́ ló sọ. Mo sún mọ́ ìyá. “Kì í tètè gbaná, Ìyá. Á kọ́kọ́ ṣe kẹ́hẹ́, kẹ́hẹ́, kẹ́hẹ́. Ẹ ó rò pé ó ti dákẹ́, á wá bú jáde: yéèèè! Tó bá ké tán, á mí hìn-ín, bí arúgbó tó sọ ẹrù kalẹ̀.”

Ojú ìyá yí padà. “Hìn-ín yẹn, ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ṣe é?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn. “Fàúsátù, igbe tìrẹ nìyẹn! Òun ló lé bàbá rẹ lọ sùn lóko iṣu.”

Wọ́n ní kí n gbé omi wá. Wọ́n nasẹ̀, wọ́n tẹ́ ọmọ sí i, wọ́n ki ìgùnpá bọ omi, wọ́n sì ní kí n jókòó síbi tí àwọn ti lè rí ẹnu mi. Ojú ọmọ fún pọ̀. Mo la ẹnu láti sọ fún wọn pé ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá na ọwọ́ tútù sí mi, wọ́n di ojú.

“Dákẹ́ ná. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ.”