Ife Kẹta Lórí Tábìlì

"Akin, talk now. Which one old pass?"

Ọ̀gá òyìnbó ti gbọ́ Pijin Wàrì débi pé ó ń fi í dá àpárá. Ife mẹ́ta ló tò síwájú Akínyẹlé nínú ilé ìgbafẹ́ iléeṣẹ́ epo lọ́sàn-án Sátidé oṣù kẹsàn-án yẹn, lọ́dún tí owó epo ń rọ̀ bí òjò. Bọ́bọ̀n, wísíkì àgbàdo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó pè wọ́n. Ó ní inú àgbá igi tí wọ́n fi iná jó nínú ni gbogbo wọn ti gbó. Iye ọjọ́ tí kálukú lò níbẹ̀ àti bí àgbá rẹ̀ ṣe tóbi tó ló yàtọ̀.

Àwọn yòókù ti tọ́ tiwọn wò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ Ìlàjẹ ni Akínyẹlé, pé ìyá rẹ̀ ń se ògógóró ní Ubeji? Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń bá a jókòó nídìí ìkòkò. Èyí tó bá kọ́kọ́ kán, májèlé ni. Ọmọ ni yóò gbóòórùn rẹ̀ títí yóò fi ní, "Ìyá, ó tó," kí ìyá tó gbé ìgò sábẹ́ rẹ̀. Imú yẹn náà ló gbé e dé iléeṣẹ́ epo. Àràárọ̀ ló ń rìn lẹ́bàá páìpù, tó ń gbóòórùn bóyá gáàsì ń jò, kí àwọn wẹ́dà, àwọn tó ń jó irin pọ̀, tó tanná.

Ṣùgbọ́n láti oṣù kejì tí gáàsì ti lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì kan, imú náà ti kú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá sọ ọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ọmọ mẹ́ta sì ń bẹ nílé ní Okumagba Layout. Ó ń rìn lẹ́bàá páìpù bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń kọ "kò sí nǹkan" sínú ìwé, ẹ̀rù sì ń bà á lójoojúmọ́.

Ó tọ́ ife kìíní wò. Ó ta á lọ́fun. Ìkejì ta á. Ìkẹta ta á. Ojú nìkan ló kù tó lè lò, ìkẹta ló sì pọ́n jù.

"This one. E don tey for America well well."

Ẹ̀rín sọ. Wọlé akọ̀wé gbá a léjìká. "Akin, na your mama ògógóró be dat o! Oga put am for small barrel eight months. All of us don smell palm wine for inside. Na you we dey wait."

Òyìnbó náà rò pé Akin ń ṣàwàdà ni. Inú rẹ̀ dùn. "Tell Mama say she try."

Ọ̀gbẹ́ni Dúrótoyè, àgbà Ìjẹ̀bú tó ń ṣe olórí ẹ̀ka ààbò, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn yòókù padà sídìí ọtí, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Akínyẹlé, ọtí ìyá rẹ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láti ìgbà wo?"

Ó lè pè é ní ọ̀fìnkìn. Ó wo Wọlé tó ń rẹ́rìn-ín lọ́ọ̀ọ́kán. Kẹ́hìndé àbúrò Wọlé wà lára àwọn wẹ́dà. Irọ́ lè lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.

"Láti oṣù kejì, sà."

"Oṣù méje." Dúrótoyè fọwọ́ bojú. "O mọ ohun tí mo máa kọ sínú ìwé?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí wọ́n tanná lọ́jọ́ Ajé, sà."

Nígbà tó dé Ubeji ní ìrọ̀lẹ́, iná ti wà lábẹ́ ìkòkò. Ìyá rẹ̀ fẹsẹ̀ ti àpótí rẹ̀ àtijọ́ sí i. Ọtí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó gbé igbá kékeré lé e lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

"Ṣé ó tó?"

Akínyẹlé gbé igbá náà sí imú, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e.

"Mi ò mọ̀, Ìyá," ó ní. "Mi ò lè mọ̀ mọ́."