Ẹni Tí Yóò Gbá Iwájú fún Rélùwéè

Bí ẹ bá ń wá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, ẹ̀ bá dé Kaduna lọ́dún tí ogun Hítílà gbóná yẹn, kí ẹ wo àwọn ọmọ rélùwéè. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá lára Matthias tó dúró lẹ́yìn, àfi kó kọ́kọ́ dágbére fún àwọn ará ilé rẹ̀. Iwájú ni kò sí. Ọmọlúàbí ni Sunday tó ń gbá iwájú, ó sì mọ orin kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un ní bọ́ọ̀lù, ẹ lè lọ jẹun kí ẹ tó padà wá bá a níbi tí ẹ fi í sí. Ọ̀mì ni wọ́n ń gbá ṣáá, òdo sí òdo.

Òyìnbó ọ̀gá wọn kò fẹ́ràn òdo. Ó pe Ọládipọ̀, akọ̀wé ọmọ Abẹ́òkúta tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà, ó ní bí wọn kò bá na àwọn ṣọ́jà lọ́jọ́ Sátidé, òun yóò kó àwọn mìíràn wá láti Èkó, òun yóò sì fún wọn ní iṣẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ba Ọládipọ̀ lóòótọ́, nítorí bọ́ọ̀lù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ nínú wọn síṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlẹ́sẹ̀ eré kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí àwọn alábàárù tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì àpò ẹ̀pà ní ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Sule. Nígbà tí Sule gbéra, àwọn yòókù dúró, wọ́n ń wò ó lọ. Ọládipọ̀ béèrè ibi tó ń gbé, wọ́n júwe ilé Amudat aránṣọ ní Tudun Wada fún un.

Sule kì í ṣe Sule. Jimoh ni, àbúrò Amudat, ọmọ ìyá rẹ̀, ọmọ Ọ̀fà. Wọ́n ti mú un wọ iṣẹ́ ṣọ́jà, ó sì sá kúrò ní àgọ́ wọn ní Zaria kí wọ́n tó kó wọn sọdá òkun. Mahmud, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, ti lọ sí ogun Abisíníà, kò bọ̀. Jimoh kò fẹ́ kí ìyá wọn sunkún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Láti ìgbà tí Jimoh ti wọ Kaduna ni Amudat kò ti mọ oorun àsùngbádùn mọ́. Bó bá ń ránṣọ lọ́wọ́ tó bá gbọ́ ìró bàtà ṣọ́jà lójú títì, yóò fi ọwọ́ dá ẹ̀rọ dúró títí wọn yóò fi kọjá. Wọ́n ní ẹni tó bá sá níṣẹ́ ṣọ́jà, ìbọn ni wọ́n fi ń dá a lẹ́jọ́. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, ẹ̀rù kì í dúró béèrè.

"Ìyá Alimat, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Ọládipọ̀ wí fún Amudat nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ṣí fìlà.

"Ẹ kú àbọ̀, Akọ̀wé. Ṣé kò sí láburú o?"

"Kò sí, àfi oore. Ẹsẹ̀ Sule ni mo wá yá, Sátidé nìkan ṣoṣo."

"Sule kò mọ bọ́ọ̀lù gbá."

"Haba, Ìyá Alimat! Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i."

"Ara rẹ̀ kò yá."

Ibi tó ti ń purọ́ lọ́wọ́ ni Jimoh ti yọ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, tó dúró ṣámúṣámú bí ẹni tó jẹ ẹran odidi màlúù. "Màá gbá a," ló wí. Ọládipọ̀ kí i, ó kí Amudat, ó kí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì sáré jáde kí ẹnikẹ́ni tó yí ọ̀rọ̀ padà.

Amudat ti ilẹ̀kùn. "Jimoh, àwọn ta lo fẹ́ bá gbá bọ́ọ̀lù?"

"Ṣọ́jà ni."

"O gbọ́ ohun tó tẹnu rẹ jáde?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, Zaria ni mo ti sá. Kò sẹ́ni tó mọ ojú mi níbí. Akọ̀wé ti ránṣẹ́ sí mi níbi iṣẹ́, ó ní bí mo bá jẹ gọ́ọ̀lù, rélùwéè á gbà mí, wọn kì í sì í mú òṣìṣẹ́ rélùwéè wọ ṣọ́jà. Ó ti sú mi láti máa rìn bí olè."

Amudat gbà. Ó kìlọ̀ fún un pé kó má fá irùngbọ̀n rẹ̀, Hausa nìkan ni kó máa sọ, bí ẹnikẹ́ni bá fi Yorùbá pè é, kó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó kìlọ̀ fún Alimat ọmọ rẹ̀, ó kìlọ̀ fún aládùúgbò. Gbogbo ẹnu ni Amudat kìlọ̀ fún, ó gbàgbé tirẹ̀.

Nígbà tí Sátidé pé, gbogbo Kaduna ló wà ní pápá. Amudat dúró lábẹ́ igi dongoyárò, ó fi ìborùn bo orí dé ojú. Àwọn ṣọ́jà wà lápá ọ̀tún, àwọn ṣọ́jà wà lápá òsì, àfi bíi pé ó kó àbúrò rẹ̀ wá sílé wọn fúnra rẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fun fèrè tí bọ́ọ̀lù fi dé ẹsẹ̀ Jimoh ní àárín pápá. Ṣọ́jà méjì wá pàdé rẹ̀, ó gba àárín wọn kọjá bí ẹni tó ń gba ẹnu ọ̀nà ilé baba rẹ̀. Ẹ̀kẹta na ẹsẹ̀, kò bá a. Aṣọ́lé wọn sáré jáde, ó wá nǹkan tí yóò dì mú, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ti wọlé.

"Àlàó!" ni Amudat ké. "Àlàó ọmọ ìdí ọsàn! Àlàó a-gba-àárín-ọ̀tá-kọjá! Ọmọ tí mo pọ̀n tí kò jẹ́ kí n sinmi!"

Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Bí obìnrin bá pọ̀n ọmọ dàgbà, tí ọmọ náà wá ṣe ohun tí gbogbo ayé ń hó lé lórí, oríkì ni yóò bọ́ lẹ́nu rẹ̀, a kì í rán an níṣẹ́. Ṣùgbọ́n alábàárù Hausa wo ló ń jẹ́ Àlàó? Amudat fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ti pẹ́ jù.

Ọkùnrin kan tó dúró níwájú rẹ̀ nínú aṣọ ṣọ́jà yíjú padà wẹ́rẹ́. Sájẹ́ńtì Jàmàlúdéènì ni, ọmọ Ìlọrin, òun ló ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù àwọn ṣọ́jà.

"Ẹ kú oríire o," ló wí ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ sì tutù. "Mo ti gbọ́ oríkì yẹn rí. Ọ̀fà ni. Ìyá àgbàlagbà kan ló fi ń sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n rán wa lọ wá ọmọ rẹ̀ tó sá. Ó dùn létí mi, mi ò gbàgbé ẹ̀."

Amudat fa ìborùn rẹ̀ wálẹ̀ sí i.

"Ẹ má gbọ̀n, èmi ò burú. Bí rélùwéè ò bá nà wá lónìí, mi ò gbọ́ oríkì kankan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yẹn bá tún fi bọ́ọ̀lù sílé wa..." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọjú sí pápá padà.

Kí wọ́n tó lọ sinmi, àwọn ṣọ́jà dá gọ́ọ̀lù náà padà, ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Amudat gbé igbá omi tọ àbúrò rẹ̀ lọ. Bí Jimoh ti ń mu ún lọ́wọ́, Amudat sọ gbogbo rẹ̀ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, omi ojú rẹ̀ sì ń ṣàn dé ọrùn.

"Máa rìn, Jimoh. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má sáré mọ́. Ó ní òun á gbàgbé."

Jimoh nu ẹnu. "Ẹni tó so mí mọ́lẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù lónìí, ṣé kò ní mú okùn náà dání lọ́la?" Ó wo òdìkejì pápá, níbi ilé tí wọn yóò máa gbá sí báyìí. Kò sẹ́ni kankan lẹ́yìn ilé náà, nítorí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọni lójú níbẹ̀. Ó dá igbá padà fún un. "Ẹ má bínú sí ara yín, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ó sì padà wọ pápá.

Ó rìn lóòótọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò tì í sí Sunday lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. "Kai, Sule! Ṣé o gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ sílé ni?" Ọládipọ̀ ń ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Nínú gbogbo ará rélùwéè tó wà ní pápá lọ́jọ́ náà, Amudat nìkan ló ń gbàdúrà kí wọ́n má jẹ gọ́ọ̀lù. Ó ń ní, "Yá Allah, jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Jẹ́ kó wúwo." Ó wo sájẹ́ńtì, sájẹ́ńtì sì mi orí sí i bí ọ̀rẹ́. Ó wá dà bíi pé àdúrà náà yóò gbà.

Ó kù díẹ̀ kí eré parí ni Matthias gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan láti ẹ̀yìn. Ó kọjá lórí gbogbo wọn. Jimoh sì gbéra.

Ẹ̀yin ará, wọn ò tíì rí i kó sáré rí. Èyí tó sá tẹ́lẹ̀, eré ọmọdé ni. Kò wo ẹ̀yìn, kò wo ẹ̀gbẹ́. Ó dé ìdí bọ́ọ̀lù ṣáájú aṣọ́lé, ó fi ẹsẹ̀ kàn án, ó wọlé, gbogbo pápá sì bú sí igbe. Ọládipọ̀ la apá méjèèjì, ó ń sáré bọ̀ wá dì mọ́ ọn.

Jimoh kò dúró. Ó gba ẹ̀gbẹ́ òpó ilé kọjá, ó wọ inú koríko, ó fo ojú irin, ó kọrí sí ọ̀nà Badarawa. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo Sule! Ayọ̀ ń lé e kiri!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di bíńtín, títí wọn ò fi rí i mọ́, ẹ̀rín náà sì ń kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọládipọ̀ ṣì la apá sílẹ̀ níbi tó dúró sí.

Sájẹ́ńtì gbá Amudat lọ́wọ́ mú. "Níbo ló ń lọ?"

"Mi ò mọ̀," ni Amudat wí, òótọ́ sì ni.

Àwọn ṣọ́jà wá a títí, wọn ò rí i mú. Òyìnbó kò lé ẹnikẹ́ni níṣẹ́ mọ́, Ọládipọ̀ sì gba ìyìn. Ogun parí, àwọn ṣọ́jà tó lọ jagun ní Bọ́mà ń padà bọ̀, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Kaduna. Bí àlejò bá dé láti Kánò tàbí láti Jọ́ọ̀sì, yóò bá Amudat níbi tó ti ń ránṣọ, yóò kí i, Amudat yóò sì fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó rí ọkùnrin kan báyìí báyìí lọ́nà. Ẹ̀rù a máa bà á pé ó lè jẹ́ ìbéèrè òun ni yóò mú kí àwọn ṣọ́jà rí i mú. Dípò bẹ́ẹ̀, yóò béèrè iye tí wọ́n ń ta àgbàdo níbẹ̀, yóò sì máa yí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.