Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Tí Thomas Fi Tọrẹ

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi oyin sí i fún mi. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ gbọ́."

Abíọ́nà tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì Thomas, ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Thomas wọ awò ojú rẹ̀. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí àwọn ọ̀gá fi ń ṣe ìgbéléwọ̀n òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún ni. Ní iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Garki yìí, òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà ní òfìfo, torí pé ọ̀gá kì í ráyè. Bó bá yá, ọ̀gá á wá kọ ohun tó bá wù ú sí i. Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó kà á sí ewu. Ìgbà tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó gba ìgbéga mọ́ ògiri, tí Abíọ́nà kò rí tirẹ̀, ló tó lọ béèrè ẹ̀dà ohun tó buwọ́ lù.

"Self-willed," ni Thomas kà. "Ẹni tó máa ń ṣe tinú ara rẹ̀ ni, tí kì í gbọ́ ti ẹlòmíì."

"Èkejì ńkọ́?"

"Short-tempered. Onínúfùfù."

"Ẹ̀kẹta?"

Thomas yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Ìyá Shalom, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Ill-mannered. Ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ ilé."

"Kai!" Abíọ́nà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Èmi? Ìyá tó kọ́ mi ṣì wà láyé ní ìlú Ìyàrá o." Ó jókòó. Ọdún méjì ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ìgbéga yìí ni ìkẹyìn tó lè kàn án. "Mo mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Lẹ́tà tí mo kọ̀ tí n kò yọ nínú fáìlì yẹn náà ni. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ Ọ̀gá Akínjídé ní irú gẹ̀ẹ́sì yìí? Gẹ̀ẹ́sì ọkùnrin yẹn ò jìn tó bẹ́ẹ̀."

Thomas wo ojú fèrèsé. Òun ló kọ́ ọ.

Ta ni kò mọ Thomas ní iléeṣẹ́ náà? Akọ̀wé lásán ni, àmọ́ gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ ga ju ipò rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n máa ń so pọ̀ di ọ̀kan láti fi júwe ènìyàn ló fẹ́ràn jù, láti ìgbà tó ti wà nílé ìwé. Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, òun ni wọ́n ń pè. Kò sí òkú tí kì í di kind-hearted lọ́wọ́ Thomas, onínúure. Òkú ahun tí kò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ rí, Thomas á sọ ọ́ di open-handed, ọ̀lawọ́, àwọn ọmọ olóògbé á sì máa wo ara wọn lójú. Kò sẹ́ni tí ìyẹn pa lára.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, Ọ̀gá Akínjídé fara ti ilẹ̀kùn rẹ̀. "Thomas, kí ni gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹni tí kì í gbọ́ràn sí ọ̀gá lẹ́nu?" Thomas fún un ní ọ̀kan. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí!" Ẹ̀rín náà dùn mọ́ Thomas nínú, ló bá fi èkejì lé e. Nígbà tí ọ̀gá yọ bírò jáde, ó tún fún un ní ẹ̀kẹta, èyí tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ká sì sọ òtítọ́, kì í ṣe pé kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ó fura. Kàkà kó béèrè, inú rẹ̀ ń dùn pé ọ̀gá wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ òun.

"Aago mẹ́rin òní ni wọn ò ní gba ìwé ẹ̀hónú mọ́," Abíọ́nà ní. "Ẹ bá mi kọ ọ́. Ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ yín tó dùn yẹn dá a lóhùn."

Thomas fa bébà mọ́ra. Even-tempered wá sí i lọ́kàn, ẹni tí inú rẹ̀ kì í tètè ru. Well-mannered náà wá, ọmọlúàbí. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé wọn. Ó gbé bírò sílẹ̀.

"Ìyá Shalom, èmi ni mo fún un ní ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Abíọ́nà tẹ ojú mọ́ ọn. "Ẹ mọ̀ pé èmi ni?"

"Mo fura."

"Ẹ sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ fáìlì yẹn."

"Mo wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi. Ẹ pariwo lé mi lórí."

"Báwo ni n ó ṣe pariwo?" Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, omi sì ti dé ojú rẹ̀. "Bí mo bá pariwo báyìí, wọ́n á ní ṣebí wọ́n ti kọ ọ́ pé onínúfùfù ni mí."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Thomas lára ju èébú lọ. Ìgbà náà ló tó mọ ohun tó ṣe. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó ti sọ èyí fún ọmọ tirẹ̀ láìmọye ìgbà.

Ó mú bébà mìíràn. Ní gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ kékeré lè kà, ó kọ ohun tó rí: pé òun dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá fáìlì nígbà tí Ọ̀gá Akínjídé ní kí Abíọ́nà yọ lẹ́tà kan kúrò nínú fáìlì, pé Abíọ́nà kúnlẹ̀, ó sì ní kí ọ̀gá má bínú, òun kò lè yọ ọ́, pé kò gbé ohùn sókè. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé òun ni òun pèsè ọ̀rọ̀ mẹ́ta inú fọ́ọ̀mù náà, àti pé òun kò rí ọ̀kankan nínú wọn lára obìnrin yìí rí.

Abíọ́nà kà á tán. "Ẹ ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tiyín lọ́dún yìí, àbí?"

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ Ọ̀gá Akínjídé."

"Ní òfìfo?"

"Ní òfìfo."

Thomas kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó buwọ́ lù ú. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé, Abíọ́nà níwájú, òun lẹ́yìn. Lórí àtẹ̀gùn ó fẹ́ tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan sí i, àmọ́ ó rí i pé Abíọ́nà ń yára, ó sì ń tẹ̀ lé e.

Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ka ìwé náà, ó gbójú sókè. "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀gá yín máa rí èyí? Orúkọ tọdún yìí sì ti jáde. Ó lè jẹ́ tọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n á tún un wò, bí wọ́n bá tún un wò."

"Mo mọ̀. Ẹ lù ú ní òǹtẹ̀."

Akọ̀wé lù ú ní òǹtẹ̀, ó fún Abíọ́nà ní ẹ̀dà tirẹ̀. Abíọ́nà ká a sínú báàgì. Bọ́ọ̀sì tó máa gbé e lọ sílé ní Dei-Dei kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé náà, ó kí i pé ó dàárọ̀, ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbàlagbà tó ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá kọjá lára Thomas láìkí i. Láti ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, Thomas kò sì lè sọ pé kò jàre.